Ọmọ yín fẹ́ẹ́ wọ JSS 1? Ẹ yẹ ojú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra báàgì

Tẹ́ ẹ bá dé Apòmù tàbí Ìkirè lásìkò tí ọlidé gbọọrọ bá ti ń parí lọ, ẹ ó rí i pé àwọn télọ̀ kì í ráyè sùn mọ́, yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ń rán tọ̀sán tòru. Òbí tó bá ti ra yunifọ́ọ̀mù, báàgì, sáńdà àti ìwé tán yóò mí kanlẹ̀, yóò ní òun ti múra ọmọ òun sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ nílò kọjá èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ohun tójú mi rí nínú ẹbí wa ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa ní Apòmù, nítorí pé Èkó ni ìyá ẹ̀ ti ń ṣòwò. Ọmọ yìí mọ̀wé dáadáa nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ipò kejì, ipò kẹta ló máa ń ṣe. Nígbà tó parí ìwé mẹ́fà, wọ́n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìkirè. Ìdánwò àkọ́kọ́ dé, ọmọ wa ṣe ipò kejìdínlógójì. A ní bóyá ara ẹ̀ ò tíì mọlé ni. Ìdánwò kejì dé, ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tísà ní ọ̀lẹ ni, pé kì í kọ nóòtì parí, pé ìwé ẹni tó jókòó tì í ló máa ń wò kọ. Wọ́n nà án títí.

Ẹ̀sùn mìíràn tún ń wọlé tọ ìyá wa wá láti àdúgbò. Wọ́n ní látìgbà tí ọmọ náà ti wọ gírámà ló ti ń gbéraga, pé yóò máa wo àgbàlagbà lódìkejì títì, kò sì ní í kí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí dun ìyá wa ju ti ìdánwò lọ, torí wọn ò tọ́ ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ rí. Àwọn kan ní kí wọ́n tètè lọ wádìí, pé ọwọ́ ayé ló ti tẹ̀ ẹ́. Èmi gan-an fi ẹnu ara mi sọ fún un lórí fóònù pé tí kò bá fẹ́ kàwé, kó sọ fún wa, ká mú un lọ kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ń dùn mí dòní.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bọ́mọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ìyá wa ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé bí àwọn bá fẹ́ẹ́ fi òwú sí abẹ́rẹ́, ọmọ yìí ló máa ń bá àwọn fi í, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òwú yóò sì wọlé. Òun náà ló máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, bó ti wù kí lẹ́tà ẹ̀ kéré tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tan tẹlifíṣàn, ó di dandan kó lọ dúró síwájú ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó síta, obìnrin kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá wa ní, "Ta ló ń bọ̀ yẹn?" Ọmọ náà fún ojú pọ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, mi ò dá wọn mọ̀ o, àfi tí wọ́n bá sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń ti Èkó bọ̀ yẹn.

Ibẹ̀ ni ìyá wa ti mọ̀ pé ojú ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ilé-Ifẹ̀. Dókítà ní ojú ẹ̀ ń rí ohun tó wà nítòsí dáadáa, èyí tó bá jìnnà ni kì í rí. Wọ́n ṣe gíláàsì fún un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, nọ́ńbà ara ọkọ̀ ló ń kà fún ìyá wa lójú títì látì Ifẹ̀ dé Apòmù. Ní ìdánwò tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ipò kẹrìnlá. Kò tíì padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nóòtì ẹ̀ ń pé. Ó sì ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà láti òdìkejì títì.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò hàn nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tísà kan ṣoṣo ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, iwájú ló máa ń jókòó, tísà náà sì máa ń ka ohun tó bá kọ sójú pátákó sókè. Ní gírámà, kíláàsì kún, ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀kọ́ tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tísà yìí jáde, tòmíràn wọlé, bí aago bá ti lù ni wọ́n ń pa ohun tó wà lójú pátákó rẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, irú àìsàn ojú yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ tàbí kó le sí i lásìkò tí ọmọ ń dàgbà. Ọmọ náà ò sì ní í sọ, torí ó rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ríran nìyẹn.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò nílé. Ẹ mú ọmọ yín àti ọmọ mìíràn dúró síbi kan náà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì. Kí wọ́n fi ọwọ́ bo ojú kan, láì tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n bo èkejì. Tí tiyín ò bá rí i kà, tó ń fún ojú pọ̀, tàbí tó máa ń sọ pé orí ń fọ́ òun tó bá ti ilé ìwé dé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ má ra gíláàsì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri fún un. Ẹ má da àgbo, ọmú tàbí ìtọ̀ sí i lójú o! Àwọn tó ń sọ pé gíláàsì máa ń ba ojú ọmọdé jẹ́, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn nǹkan mìíràn kó tó di ọjọ́ ìwọlé.

Oorun ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjìlá lọ gbọ́dọ̀ sùn tó wákàtí 9 sí 12 lóru. Ẹni ọdún 13 sí 18, wákàtí 8 sí 10. Bó bá máa jí láago márùn-ún, kò yẹ kó ṣì máa wo fíìmù láago mẹ́wàá alẹ́. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ó jẹun kó tó jáde. Ẹ̀kọ àti àkàrà tó jẹ nílé sàn ju owó dòdò Ìkirè tẹ́ ẹ fi lé e lọ́wọ́ lọ, bó ti wù kí dòdò náà dùn tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ ṣàlàyé nǹkan oṣù fún un kó tó dé, kó má jẹ́ pé inú kíláàsì ni yóò ti rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa sunkún. Ẹ fi páàdì kan sínú báàgì ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ sì wà, àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ wa, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́ lójúkojú, kí wọ́n má lọ fi ìjìyà inú oòrùn tàbí òjò dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ka Fọ́ọ̀mù Wáàn dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù. Láti ọdún 1982 ni ètò náà ti yí padà. Ọdún mẹ́ta ni JSS, ọdún mẹ́ta ni SS. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀ṣun, ìjọba Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún tò ó mìíràn, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àárín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Oyètọ́lá dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 2004 sì sọ pé ẹ̀kọ́ títí dé JSS 3 gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì di dandan fún gbogbo ọmọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí pé ọmọ gbé ipò ẹ̀yìn mú un kúrò nílé ìwé bí mo ṣe fẹ́ẹ́ ṣe yẹn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ bá dé láti ilé ìwé, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé ipò kèló ló ṣe. Ẹ bi í pé, "Ibo lo jókòó sí? Ṣé ò ń rí pátákó? Ṣé ò ń gbọ́ tísà?" Tó bá dáhùn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè wọn o. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.