Ẹ Forúkọ Sílẹ̀ Kí Iná Tó Dé

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí California, láti Los Angeles títí dé Sacramento, ẹ gbé fóònù yín báyìí, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ pàjáwìrì káńtì tí ẹ̀ ń gbé. Alert LA County ni ti àwọn ará Los Angeles. Ẹni tó bá wà níbòmíràn yóò rí tirẹ̀ lórí CalAlerts.org. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ rí i pé ẹ kọ àdírẹ́sì ilé sí i, torí òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí iná ń bọ̀ wá bá.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èyí tí arọ kò gbọ́ ńkọ́? Ní àárọ̀ November 8, 2018, wáyà ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná PG&E dá iná igbó sílẹ̀ ní káńtì Butte. Kí ọ̀pọ̀ tó jẹun àárọ̀ tán, ẹ̀fúùfù ti gbé e wọ ìlú Paradise. Èèyàn 85 ló bá a lọ, àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ni kò forúkọ sílẹ̀, ìpè kankan kò dún nílé wọn.

Ti ìlú Altadena, ní káńtì Los Angeles, ló dùn mí jù. Ìrọ̀lẹ́ January 7, 2025 ni iná Eaton ṣẹ́ yọ, lẹ́yìn aago mẹ́fà. Apá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, níbi tí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ti ra ilé nígbà tí wọn kì í tà fún wọn níbòmíràn, kò gba àṣẹ pé kí wọ́n kúrò títí aago mẹ́ta òru fi kọjá. Apá ibẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó kú wà. Nítorí náà, ẹ forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí iná lórí òkè tí ẹ̀fúùfù sì kọjú sí yín, ẹ má dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ̀nà.

Màmá tó ti Ìbàdàn wá bá yín gbọ́mọ ńkọ́? Ìkìlọ̀ tó ń dún fúnra rẹ̀ lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Sípéènì ni. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbọ́ bí ìró náà ṣe rí, kí wọ́n má baà rò pé fóònù ló bàjẹ́. Ẹ mú wọn dé gáráàjì. Tí iná mànàmáná bá lọ, rìmóòtù lè má ṣí ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Okùn pupa kan wà tó so kọ́ lókè, òun ni wọ́n á fà kí wọ́n tó fọwọ́ gbé ilẹ̀kùn sókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lójú yín. Tí kò bá ṣeé gbé fún wọn, ẹ bá aládùúgbò kan sọ ọ́ lónìí.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, ẹ̀yinná tí ẹ̀fúùfù ń gbé kiri ló ń jó ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe ọwọ́ iná ńlá tí ẹ̀ ń wò lókèèrè. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tó yí ilé ká ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá mọ́: kò gbọdọ̀ sí ewé gbígbẹ, igi ìdáná tàbí ẹní níbẹ̀. Ẹ kó ewé kúrò lórí òrùlé àti níbi tí òjò ń gbà ṣàn létí rẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ihò rẹ̀ kéré bo ihò atẹ́gùn. Ẹ kó pásípọ́ọ̀tù, gíríìn káàdì, ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ gbé láti ilé, oògùn Bàbá àti ìbòmú sínú báàgì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo bẹ ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù: ní Sunday tàbí Friday tó ń bọ̀, kí ẹ tó tú ìjọ ká, ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó ti àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá wọn forúkọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kankan má sì dìde títí ti gbogbo wọn yóò fi wọlé.