Ṣé Ẹ̀rọ Ìdárayá Inú Ilé Ń Fún Apá àti Ikùn Lágbára?



Ìyá ọmọ kan tí ń gbé ní Ìjú, ní agbègbè Ìfàkò-Ìjàyè, kọ ìwé sí mi. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, ó sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ògbà, níbi tí ó ti ń gbé páálí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá délé, tí ó pọn ọmọ, ẹ̀yìn a máa ro ó gidigidi. Ó wá ń rò ó láti fi owó èsúsú tí ó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àkọ́bí rẹ̀ ra ìgbànú oníná kan. Ẹni tí ń tà á ní yóò sọ ikùn di pẹlẹbẹ, yóò sì fún gbogbo ara lágbára, láìlàágùn rárá.

Ìdáhùn mi ni pé kí ó mú owó náà lọ sí ilé-ìwé ọmọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun èlò ìdárayá ni kò wúlò. Iṣan a máa lágbára sí i nígbà tí a bá fún un ní iṣẹ́ tí ó wúwo ju èyí tí ó ti mọ̀ lọ, tí a jẹ́ kí ó sinmi, tí a sì ń fi díẹ̀ kún iṣẹ́ náà bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ohun èlò tí ó bá mú wa ṣiṣẹ́ dára. Èyí tí ó bá ní òun yóò bá wa ṣe é, kí á fura sí i. Ní ọdún 2002, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo oníbàárà, pe àwọn kan tí ń ta irú ìgbànú oníná bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ìlérí asán. Ìgbànú tí a ń fún mọ́ ikùn náà dà bí ọ̀já tí àwọn ìyá wa ń fi di ikùn lẹ́yìn ìbímọ: ó lè gbé ikùn ró, ṣùgbọ́n kò lè fún iṣan lágbára.

Okùn rọ́bà tí a ń fà àti irin kékeré tí a ń gbé sókè wúlò fún apá. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì tì lórí ilẹ̀ ń fún ikùn níṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó ti le jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nínú oyún, iṣan ikùn ọ̀tún àti ti òsì a máa ya kúrò lára wọn. Bí àárín ikùn yín bá ń yọ gọngọ nígbà tí ẹ bá ń dìde lórí ibùsùn, tàbí bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni a fi gbẹ̀bí yín, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ohun tí a nílò wà nínú ilé. Omi lítà 1 wúwo tó kílò 1. Nítorí náà ike omi lítà 1.5 méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Fún apá: ẹ jókòó, kí ẹ gbé ike omi láti orí itan dé èjìká, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Fún apá àti àyà: ẹ dúró, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì ti ara yín padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Fún ikùn àti ẹ̀yìn: ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ lélẹ̀ bí ọmọ tí ń rákò. Ẹ na apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe sé èémí. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ fi kún omi tàbí iye ìgbà. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí á máa fún iṣan níṣẹ́, kí á sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní òun ń gún iyán, òun sì ń pọn omi. Iṣẹ́ gidi ni! Ṣùgbọ́n ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́ lórí ọmọ odó, kí ẹ pín omi sí kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé ọmọ tàbí páálí nílẹ̀, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, ẹ ra okùn rọ́bà: kò gba iná mọ̀nàmọ́ná. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ó di oṣù tí ń bọ̀.