Iṣẹ́ Ilé Kì Í Ṣe Àbùkù fún Ọkọ Tí Aya Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọtaya, gẹ́gẹ́ bí Ó ti fi yé wa nínú Súrátù Rúúmù, ẹsẹ 21. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtiso yìgì, ìwà kan wà láàárín wa tí a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lé lórí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru yóò dá ìyá ilé gúnlẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ yóò mú un lápá, yóò mú un lẹ́sẹ̀. Obìnrin tí ó ti pọnmi, tí ó ti dáná, tí ó ti fọṣọ fún 20 ọdún kò ní lè dá abọ́ gbé mọ́. Kí ni ọkọ ń ṣe? Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń retí oúnjẹ. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní, “Iṣẹ́ obìnrin ni.” Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 14, ni yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ó lè máa sebẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, bàbá yóò wọ agbádá funfun, ó di ibi àsàlátù, yóò máa ṣe àmín sí wáásí lórí súná!

Súná wo? Nígbà tí wọ́n bi Ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe. Bí àkókò ìrun bá tó, yóò jáde lọ kírun. Imam Bukhari gba hádíìsì yìí wá. Kò sí ibi tí a ti kà á pé Ànábì dúró de àìsàn aya kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo Uthman ọmọ Affan. Ní ọdún kejì Hijira (624), nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ sí Badr, Ruqayyah aya rẹ̀, tí í ṣe ọmọ Ànábì, wà lórí ibùsùn àìsàn. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó ní kí Uthman dúró tì í. Kò pè é ní ojo. Ó fún un ní ìpín nínú ọrọ̀ ogun, ó sì fi dá a lójú pé láádá ẹni tí ó wà ní Badr jẹ́ tirẹ̀. Bí ìtọ́jú aya aláìsàn bá tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ fi Badr sílẹ̀, kí ni ìwọ ń pè ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí o kò lè pa jẹ?

Àwọn kan yóò ní, “Ẹ̀sìn gbà mí láàyè láti fẹ́ ìyàwó mìíràn.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fi ṣíṣe déédéé ṣe májẹ̀mu rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó tuntun nítorí ẹni tí yóò gúnyán, tí ó wá pa aláìsàn tì sí yàrá ẹ̀yìn, ìfẹ́-inú ara rẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé. Àwọn mìíràn yóò ní ó ti rẹ àwọn nígbà tí àwọn bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ǹjẹ́ kò rẹ aya rẹ nígbà tí òun ń ti ọjà bọ̀, tí ó tún ń dáná alẹ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni ó dùbúlẹ̀, ta ni ìbá máa wẹ̀ ọ́?

Ohun tí ó yẹ kò fara sin. Pe gbogbo ọmọ jọ, kí o pín iṣẹ́: kí ọmọkùnrin fọ abọ́ bí ọmọbìnrin, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ilé-ìwé sílẹ̀. Pọnmi kí o tó lọ kírun àsùbáà. Kọ́ ọbẹ̀ sísè, kí o sì dín iyọ̀ inú rẹ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí kò bá lè yíra padà lórí ibùsùn, máa yí i ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí i lára. Bá a ṣe àlùwàlá. Bí omi bá lè pa á lára, tayammum wà. Iṣẹ́ tí ó bá ṣì lè ṣe lórí ìjókòó, bí ẹ̀wà ṣíṣà, fi sílẹ̀ fún un, kí ó má baà rò pé òun ti di ẹrù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ wọ̀nyí kí ẹ tó so yìgì. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì ṣe wá ní ọkọ rere. Àmín.