Dókítà àti Ìjà fún Ẹ̀tọ́: Ṣé Eku Méjì Ni?



Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó kọjá, nígbà tí a ti parí ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru, bàbá kan tí ó ń wa ọkọ̀ akérò láti Sángo sí Abẹ́òkúta dìde, ó ní òun ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé ètò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní yunifásítì, ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí. Bàbá yìí ti ta ilẹ̀ kan, ó sì ti kó àjọ kó tó kàn án nítorí owó ilé-ìwé. Ní báyìí, ó gbọ́ pé ọmọ náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pé ó ń lọ síbi ìwọ́de, àti pé òpin ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń bá àwọn obìnrin ọlọ́jà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kó máa bá a lọ, àbí kí n sọ fún un pé kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀?"

Kí ó tó jókòó, ariwo ti ta. Ọ̀pọ̀ ní kí ó pe ọmọ náà wálé kíákíá. Ẹnì kan pòwe pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Alága ní kí á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn nítorí ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n èmi kò lè fi í sílẹ̀. Mo gbé e sùn, mo gbé e jí. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú pé kí ó yọ̀ǹda àyè fún mi kí n sọ tèmi.

Èrò mi ni pé kì í ṣe eku méjì. Eku kan ṣoṣo ni. Orí rẹ̀ ni à ń rí ní ilé ìwòsàn, ìrù rẹ̀ ń bẹ ní ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní agbègbè Ọ̀tà yìí, ẹ̀rọ gé ìka méjì mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ òru lọ́wọ́. Irin tí ó yẹ kí ó bo ẹnu ẹ̀rọ náà, wọ́n ti tú u kúrò láti oṣù mélòó kan kí iṣẹ́ lè yá. Gbogbo wa ni a mọ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún. Dókítà náà tọ́jú ọwọ́ ọmọ náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kan ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àìfarabalẹ̀ ọmọ náà ni ó fà á, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà kọ̀. Ó ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí òun fi ojú òun rí ni òun yóò kọ: ìka méjì ti lọ, wọn kò sì ní hù padà. Ohun tí ó kọ nìyẹn. Ìwé yẹn ni ọmọ náà fi gba owó gbà-máà-bínú. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà yìí, tí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ará, kí ni àwa ṣe? A dákẹ́. Èmi gan-an tí mò ń kọ̀wé yìí dákẹ́. A kò kọ lẹ́tà kan, a kò bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní nílé nígbà náà, ẹ̀rù sì bà mí. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn kékeré náà, ojú a máa tì mí.

Ẹ wá sọ fún mi: lọ́jọ́ náà, níbo ni iṣẹ́ dókítà parí sí, níbo ni ìjà fún ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Bírò tí ó fi ń kọ orúkọ oògùn ni ó fi kọ òtítọ́.

Kì í ṣe òní ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa, ojú ọ̀nà kan náà ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Dókítà Beko Ransome-Kuti ní ọdún 1940. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ìyá rẹ̀, Funmilayo, ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n dìde lórí ọ̀rọ̀ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè fún ìgbà kan ní 1949. Ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ni Beko láti inú wá.

Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wálé. Ì bá lọ jókòó sí àárín àwọn olówó, ṣùgbọ́n àárín mẹ̀kúnnù ní Mọ́sáláṣí, lójú ọ̀nà Agége ní Èkó, ni ó ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, tí àwọn ọmọ ogun jó ilé Fela ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilé ìwòsàn náà bá a lọ. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó ṣe é. Beko kò torí ìyẹn pa iṣẹ́ dókítà tì, kò sì torí ìyẹn panu mọ́.

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1983, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sórí rédíò ni pé ilé ìwòsàn wa ti di ibi tí a kàn ti ń kọ̀wé fún aláìsàn, tí kò sí oògùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dókítà fúnra wọn sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, tí wọ́n sì yanṣẹ́ lódì, ìjọba ológun náà fòfin de ẹgbẹ́ wọn, NMA, ní 1985. Beko wà lára àwọn olórí ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì gbé e tì mọ́lé. Ní 1989, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tí à ń pè ní CDHR sílẹ̀. Òun náà ni alága Campaign for Democracy nígbà tí wọ́n fagi lé ìdìbò June 12 ní 1993, tí àwọn ènìyàn sì tú jáde sí ìgboro. Ní 1995, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ológun rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére, wọ́n wá dín in kù sí ọdún 15. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò ju pé ó jẹ́ kí ayé gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ fipá gbàjọba. Lẹ́yìn ikú Abacha ní 1998 ni ó tó gba ìtúsílẹ̀. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2006.

N kò ní tan bàbá ọmọ: ìjà yẹn ná dókítà náà ní ilé ìwòsàn, ó ná an ní ọdún púpọ̀ nínú ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ewu ńbẹ̀, irọ́ ni ó ń pa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀gbọ́n Beko kan ń bẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé. Òun gba iṣẹ́ mínísítà ìlera lábẹ́ ìjọba ológun ní 1985. Ó mú ìtọ́jú ìlera lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ó tẹra mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì jẹ́ kí àwọn ìyá mọ bí a ṣe ń fi omi, iyọ̀ àti ṣúgà gba ọmọ tí ó ń ṣu gbuuru lọ́wọ́ ikú. Ìjọba tí ẹ̀gbọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ni ó ń sọ àbúrò sátìmọ́lé. Àwọn kan bú ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó ń bá apàṣẹ-wàá jẹun. Èmi kò bú u. Ọmọ tí kò kú lọ́jọ́ náà ti di àgbà lónìí, bóyá ó tilẹ̀ wà nínú ẹ̀ka wa yìí. Bí ó ti wù kí ó rí, bí gbogbo dókítà bá lọ bá ìjọba jókòó, ta ni yóò wí fún ọba pé ẹnu rẹ̀ ń rùn?

Ọ̀rọ̀ tún kù tí mo fẹ́ sọ fún ọmọ náà. Àwa ni à ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì ní ilé ìwòsàn ìjọba. Olówó a wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ gba ìtọ́jú lókè òkun. Nítorí náà, bí dókítà bá ń jà fún mẹ̀kúnnù, kí ó má fi mẹ̀kúnnù tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà délé, nítorí ìwọ́de kò lè rán ojú ọgbẹ́. Bí ó bá di ìgbà ìdánwò, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn di àsíá mú. Ẹgbẹ́ tí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń gbé e, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ó ku tiwa. Ẹ má jẹ́ kí a máa retí akọni láàárín àwọn dókítà nígbà tí àwa fúnra wa ń sá. Òfin gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ń bẹ. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa fi tó ilé-iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Kí ilé-iṣẹ́ fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ méje. Kí ìwé ìbéèrè owó sì wọlé kí ọdún kan tó pé. Bí a bá kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, bí ẹlẹ́rìí méjì bá fọwọ́ sí i, ìwé dókítà kò ní dá dúró mọ́. Mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa ní ìwé ńlá kan fún èyí, láti gáréèjì dé ibi iṣẹ́. Mo sì dábàá pé bí ilé-iṣẹ́ kankan bá tún ta dókítà nù nítorí pé ó kọ òtítọ́, kí ẹ̀ka kọ lẹ́tà, kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. Èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Bàbá ọmọ, ìdáhùn mi nìyí. Má pe ọmọ rẹ wálé. Bá a jókòó, sọ iye tí o ná fún un, sọ ẹ̀rù tí ń bà ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ kí ó wá sí ìpàdé wa nígbà ìsinmi, kí ó wá kọ́ wa bí a ṣe ń di ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára ènìyàn. Àwa náà yóò fi ọwọ́ tí ìka ti gé hàn án, kí ó lè mọ àwọn tí ó ń kàwé fún.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa. Ire o.