Ìrù Ẹja Ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Orúkọ Tí Ọlọ́jà Pè É

Láàárín àwọn ẹja tí wọ́n ń sìn nínú gíláàsì fún ẹwà, ìbátan àrọ̀ kan wà tí kò jọ àrọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ rárá. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ara rẹ̀ funfun, ó sì ń dán. Kì í lúgọ sí ìsàlẹ̀ omi. Àárín omi ló ń gbé, lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ láìdúró. Bí a bá fẹ́ rà á ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, “debauwi” ni ọlọ́jà sábà máa ń pè é. Ẹja agbègbè Odò Kóńgò ló ni orúkọ yẹn, láti ìgbà tí onímọ̀ ẹja kan, Boulenger, ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1900. Èyí tó wà níwájú oníbàárà gan-an, lọ́pọ̀ ìgbà, ni Pareutropius buffei, ọmọ odò Ouémé ní Benin àti àwọn odò gúúsù Nàìjíríà, tí Gras ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1961. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja kò gbọdọ̀ gba orúkọ lẹ́nu ọlọ́jà. Ara ẹja fúnra rẹ̀ ni kó yẹ̀ wò.

Yíyẹ̀wò náà kò le. Ẹja Kóńgò ní ìlà dúdú kan ṣoṣo láti orí dé ìrù. Tiwa ní mẹ́ta, ìrù rẹ̀ là sí méjì, àmì dúdú kan sì wà lára apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹja náà bá kéré, ìlà ìsàlẹ̀ lè má tíì hàn dáadáa, nítorí náà ìrù ni mo máa ń gbára lé jù. (Bí ẹja náà bá lè dúró jẹ́ ká rí i, ìyẹn!) Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ewu ni ọmọ Schilbe, tó jẹ́ ará ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tó sì wà nínú àwọn odò wa. Ìyẹn lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ẹja kéékèèké sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ àrọ̀ tí àwọn ọlọ́sìn ń tà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè gùn ju mítà kan lọ. Ṣùgbọ́n òun rọrùn láti dá mọ̀: orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìrù, ìrù náà sì rí roboto bí abẹ̀bẹ̀. Lẹbẹ ẹ̀yìn ti buffei kúrú, nítòsí orí ló wà.

Ẹnìkan lè sọ pé irú Kóńgò àti irú Ouémé kò tóbi ju ara wọn lọ, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, kí wá ni wàhálà orúkọ? Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ yìí kì í gbádùn bí kò bá tó mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ lè rò pé òun ti kó mẹ́fà jọ, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta-mẹ́ta irú méjì ló kó sílé. Bó bá sì ń retí ọmọ lọ́dọ̀ wọn, ó lè retí títí. Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé bí wọ́n bá ń kó ẹja Ouémé tà lórúkọ ẹja Kóńgò, ta ni yóò mọ iye tí à ń kó nínú odò wa?

Àtakò kejì ló lágbára jù: àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń yí orúkọ padà. Òótọ́ ni. Ẹja Thailand tí a ń rí egungun inú rẹ̀ láti ìta, orúkọ ẹlòmíì, Kryptopterus bicirrhis, ni wọ́n fi tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ng àti Kottelat fi sọ ọ́ ní K. vitreolus ní 2013. Ṣùgbọ́n ara ẹja náà kò yí padà ní 2013. Ẹni tó ti yẹ ara ẹja tirẹ̀ wò dáadáa, tó sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, orúkọ tuntun kò lè da nǹkan rú mọ́ ọn lójú. Orúkọ nìkan ni yóò pààrọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Àwọn tó ń kó ẹja láti Èkó lọ sókè òkun náà lè ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n kọ orúkọ odò tí wọ́n ti kó o sára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí.