Tíì Kì Í Ṣe Àgbo

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Libreville, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Mont-Bouët, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Nkembo àti Lalala, irọ́ kan wà tí a ti ń pa fún ara wa tipẹ́: pé bí tíì bá ṣe pẹ́ lórí iná tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dára tó.

Mo mọ ibi tí irọ́ náà ti wá. Inú ìkòkò àgbo ni. Ìyá wa á da egbò àti èèpo igi sínú ìkòkò, á bomi lé e, á jẹ́ kó hó títí omi á fi dúdú kirikiri. Àgbo tí kò bá korò, ta ló máa gbà pé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n èèpo igi le, iná ló gbọ́dọ̀ bá a jà. Ewé tíì ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti lọ èyí tó wà nínú báàgì kékeré olókùn yẹn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyẹ̀fun. Omi gbígbóná kàn bà á báyìí ni, ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Òórùn dídùn rẹ̀ tètè ń jáde, kaféènì tó ń lé oorun lọ náà ò pẹ́. Tánììnì ni kì í yára, ohun kan náà tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n àti nínú kajú, tó ń mú kí ahọ́n gbẹ bíi pé wọ́n fi àkísà nù ún. Bí ẹ bá wá se tíì fún ogún ìṣẹ́jú, òórùn dídùn á bá ooru lọ, tánììnì á ṣẹ́kù, ẹ ó wá da ṣúgà mẹ́fà lé e kó tó ṣeé mu. Ẹ wá ń pe ìyẹn ní tíì tó le.

A kì í se tíì, rírẹ là ń rẹ ẹ́. Omi ni kó hó, kó hó dáadáa. Lórí òkè Mambilla ní Taraba, níbi tí Nàìjíríà ti ń gbin tíì, ilẹ̀ ga débi pé omi ti ń hó kó tó dé ìwọ̀n 100. Àwa tí a wà létí òkun ò ní àwáwí yẹn. Ẹ da omi náà lé ewé lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọmọrí bò ó, ẹ ka ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ yọ báàgì náà dànù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mílíìkì tó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé ni kí ẹ fi kún un. Báàgì kan fún èèyàn márùn-ún, omi tó rí tíì lókèèrè nìyẹn.

Omi tó ti sùn nínú kẹ́ẹ̀gì fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé ẹ̀rọ ò yọ, òórùn rọ́bà ló máa bá a jáde. Ọ̀rinrin ìlú yìí náà ò dára fún ewé. Agolo tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kó sì jìnnà sí ẹja gbígbẹ.

Ẹnìkan á ní, àwọn ará Málì ńkọ́, tí wọ́n ń se atáyà lórí èédú? Òótọ́ ni, wọ́n ń sè é. Ṣùgbọ́n tíì aláwọ̀ ewé láti Ṣáínà ni, wọ́n mọ̀ pé yóò korò, wọ́n ti fi ṣúgà àti ewé míńtì dúró dè é. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún, wọ́n ń dà á láti òkè títí yóò fi yọ fóòmù, wọ́n á sì jókòó tì í títí dé ife kẹta. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Tiwa, tí a gbé ka orí gáàsì tí a wá lọ wẹ̀, ìwà àìbìkítà ni. Koríko ọba tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ewé tíì ńkọ́? Ẹ sè é bó ṣe wù yín, kì í ṣe tíì. Mílò náà kì í ṣe tíì, àmọ́ ìjà ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Mo gbé ife méjì síwájú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọjọ́ Àìkú kan, láìsí ṣúgà: ọ̀kan tí wọ́n sè bí àgbo, ọ̀kan tí mo rẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n fẹnu kan ti àkọ́kọ́, wọ́n fà á sẹ́yìn. Wọ́n mu èkejì tán pátá. Wọ́n ní kò tíì jiná. Wọ́n sì na ife náà sí mi pé kí n bu òmíràn.