Ta Ló Kọ́ Ajá Ní Fèrè?

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe àgbà ni, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀ fún ọmọ alágídí tí ìmọ̀ràn kì í wọ̀ létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ajá gan-an, òwe yìí ti di ibi ìsápamọ́sí fún àwọn alájá. Ajá ṣe àìgbọràn, wọ́n ní orí rẹ̀ ló burú. Ajá bu ọmọ aládùúgbò jẹ, wọ́n ní ìran rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ń bi ọdẹ léèrè bóyá ó tilẹ̀ kọ́ ajá náà ní ohun tí fèrè ń wí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó rìn gba Marcory kọjá, ní ìlú Abidjan tí àwọn ará Èjìgbò ti sọ di ilé kejì. Ní Zone 4 àti Biétry, ilé olódi gíga pọ̀, ajá sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ odi bẹ́ẹ̀. Ìṣe àwọn alájá níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìkòyí tàbí Bódìjà: wọ́n so ajá mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, ọlọ́dẹ ní ń bọ́ ọ, olówó rẹ̀ kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀ àfi nígbà tó bá fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Bàbá fi èdè Faransé pè é, ọlọ́dẹ fi Dioula lé e, alásè fi Baoulé bá a wí. Ohun tí bàbá kọ̀ fún un lánàá, ọmọ gbà á láyè lónìí. Bí ajá bá wá dúró tí kò mọ èyí tí yóò ṣe, wọ́n ní òmùgọ̀ ni. Olùkọ́ èdè wo ni yóò fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun kan ṣoṣo, tí yóò máa yí ìtumọ̀ wọn padà lójoojúmọ́, tí yóò sì tún nà án pé kò yege?

Ajá kì í ṣe òpè. Ní ọdún 2016, Attila Andics àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Budapest yẹ ọpọlọ ajá 13 wò bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ibi tí adùn ti ń sọ nínú ọpọlọ náà jí jù lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyìn àti ohùn ìyìn bá pàdé. Ó yẹ kí èyí tètè yé Yorùbá, tí ohùn jẹ́ ẹ̀mí èdè wọn.

Ohun tó wà lọ́kàn alájá pàápàá a máa di ìṣe ajá. Ní ọdún 2011, Lisa Lit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, Davis, dán ajá 18 tí ń fi imú wá oògùn olóró tàbí ohun abúgbàù wò, pẹ̀lú àwọn tí ń darí wọn. Wọ́n mú kí àwọn adarí gbà pé òórùn náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbì kankan. Síbẹ̀, ìgbà 225 ni wọ́n kéde pé ajá ti rí i. Yálà ajá ló ka ojú ọ̀gá rẹ̀, yálà ọ̀gá ló rí ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀, ọkàn ènìyàn ni àṣìṣe náà ti wá. Kí ni ká retí, nígbà náà, lọ́dọ̀ ajá tí olówó rẹ̀ ń wo gbogbo àlejò bí olè? Yorùbá tilẹ̀ a máa fi orúkọ ajá sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ọ̀tá. Ẹni tó bá sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la ti gbé ìjà ara rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn kí ó tó kọ́ ọ láti jókòó.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀jẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé àjogúnbá wà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde nínú Science ní ọdún 2022, lórí ajá tó ju 18,000 lọ, fi hàn pé nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 péré ni ẹ̀yà ajá lè ṣàlàyé nínú ìyàtọ̀ ìwà láàrin ajá kan sí èkejì.

Àwọn mìíràn yóò ní nítorí olè ni, pé ebi àti pàṣán ní ń mú ajá rorò. Ajá tí ń gbó gbogbo ènìyàn kò sọ nǹkan kan fún onílé, nítorí gbígbó rẹ̀ kò ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára olè. Ajá tí ebi ń pa, ẹran tí olè bá jù sí i ni yóò jẹ. Àwọn tí ìrorò náà sì ń bá kì í ṣe olè: ọmọ ilé ni, alágbàfọ̀ ni, obìnrin tí ń kiri ọjà lẹ́nu ọ̀nà ni.

Àtúnṣe kò ju agbára alájá lọ: kí gbogbo ilé fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan fún ìṣe kan, kí ẹ̀bùn tẹ̀ lé ìgbọràn lójú ẹsẹ̀, kí olówó ajá fúnra rẹ̀ bọ́ ọ, kí ó sì mú un rìn. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kò retí kí ajá mọ fèrè láti inú ìyá rẹ̀ wá. Kí àwọn olùkọ́ máa kọ́ òwe náà lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n so ìbéèrè kan mọ́ ọn nídìí: ta ló kọ́ ajá ní fèrè?